Fífi Eré Kọ́ Ọmọdé ní Ọ̀rọ̀-Ìṣe

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ohun tí ẹnì kan ṣe tàbí ipò tí nǹkan wà nínú gbólóhùn; bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú "Adé ra bàtà", Adé àti bàtà nìkan ni yóò kù, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ó rà á ni, tàbí ó tà á, tàbí ó jí i. Ìṣe kò ṣeé nawọ́ sí bí ẹni nawọ́ sí àga tàbí ewúrẹ́, nítorí náà ó yẹ kí ọmọdé rí i nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kí òun náà sì fi ara rẹ̀ ṣe é.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àsìkò. Nínú "ó lọ", "ó ń lọ", "ó ti lọ" àti "yóò lọ", "lọ" kan náà ni ó wà níbẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó sì ń fi àsìkò hàn. Eré tí wọ́n ṣe láti fi kọ́ ọmọ ní ìyípadà ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níhìn-ín. Iṣẹ́ gan-an wà nínú mímọ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan mu.

Aṣọ ni ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé à ń wọ ẹ̀wù, à ń dé fìlà, à ń ró ìró, a sì ń wé gèlè. Olùkọ́ lè kó aṣọ àgbà sínú apẹ̀rẹ̀, kí ó máa pàṣẹ, kí àwọn ọmọ máa ṣe é; lẹ́yìn náà, kí ọmọ kan gba ipò olùkọ́. Bí ó bá ní kí wọ́n "wọ fìlà", kí ẹnikẹ́ni má ṣe mira títí tí yóò fi sọ pé kí wọ́n dé e. Bákan náà ni okùn tí wọ́n ń já, igi gbígbẹ tí wọ́n ń ṣẹ́, ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n ń ya àti èèpo ẹyin tí wọ́n ń fọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ gbígbá ni yóò kẹ́yìn rẹ̀.

Ohùn náà ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa gba ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e: "ru igi", ṣùgbọ́n "rù ú", "pọn ọmọ", ṣùgbọ́n "pọ̀n ọ́n". Kò yẹ kí olùkọ́ ka òfin yìí fún ọmọ ọdún márùn-ún. Kí ó kàn máa sọ méjèèjì tẹ̀léra wọn, bí ọmọ ti ń pọn bèbí, etí yóò gbà á.

Ní àwọn ọdún 1960, James Asher, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe àgbékalẹ̀ ọ̀nà ìkọ́ni tí wọ́n ń pè ní Total Physical Response, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ara ṣe ohun tí ó gbọ́ kí wọ́n tó retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá tí ń rán ọmọ níṣẹ́ nínú ilé ìdáná ti ń ṣe ohun tí ó jọ ọ́ tipẹ́.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó tún dára jù fún àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó tò tẹ̀léra nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Kí àṣẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí "sáré", kí ó di "sáré lọ", kí ó tó di "sáré lọ mú ìwé wá". Ọmọ tí ó mú ìwé ṣùgbọ́n tí ó dúró sí ibi tí ó ti mú un ti jẹ́ kí olùkọ́ mọ̀ pé "wá" ni kò tíì yé e, òun nìkan ni wọn yóò sì padà sí.