Ìgbòkun Lókè, Lẹbẹ Lábẹ́: Bí Ọkọ̀ Ìgbòkun Òde Òní Ṣe Ń Rìn

Ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lórí ọkọ̀ ìgbòkun.

Ẹni tí ó bá ń ná ọjà ní Ganhi, ní Kútọnu, kò jìnnà sí omi. Èbúté ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1965 wà nítòsí rẹ̀. Ojú omi tí àwọn Faransé là ní ọdún 1885, láti so ọ̀sà Nokoué mọ́ òkun, kò sì jìnnà sí i. Lórí ọ̀sà yìí ni a ti ń rí ọkọ̀ àwọn ará Ganvié: ọkọ̀ onípákó tí ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó ta ìgbòkun onígun mẹ́rin. Àpò àti àjákù aṣọ ni wọ́n sábà máa ń rán pọ̀ ṣe ìgbòkun náà.

Ẹ kíyè sí bí ọkọ̀ yìí ṣe ń rìn. Afẹ́fẹ́ tí ó wọ́pọ̀ jù ní Kútọnu máa ń ti orí òkun wá, láti àárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Ganvié sì wà ní ìhà àríwá. Nítorí náà, bí ọlọ́kọ̀ bá ń ti Kútọnu lọ sílé, afẹ́fẹ́ á máa tì í lẹ́yìn, apá rẹ̀ á sì sinmi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń bọ̀ ní Kútọnu, á ká ìgbòkun, á mú ọ̀pá tàbí àjẹ̀, tàbí kí ó ra epo sí ẹ́ńjìnnì. Báwo wá ni ọkọ̀ ìgbòkun òde òní ṣe ń lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, láìra epo?

1. Iṣẹ́ ìgbòkun

Bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn wá, ṣe ni ó kàn ń ti ìgbòkun. Bí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe. Onígun mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ìgbòkun òde òní, wọ́n sì rán an kí ó lè tẹ̀ bí apá ẹyẹ. Afẹ́fẹ́ tí ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó yọ síta kọjá máa ń yára ju èyí tí ó gba inú rẹ̀ lọ. Nítorí èyí, afẹ́fẹ́ kì í tẹ apá ìta tó bí ó ti ń tẹ apá inú, ìgbòkun á sì máa fa ọkọ̀ sí ìhà ìta náà.

2. Iṣẹ́ lẹbẹ

Ìfà yìí ń fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ju iwájú lọ. Ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kò ní ohun tí yóò fi di omi mú. Á máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ewé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi pákó tàbí irin pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ ọkọ̀. A ó máa pè é ní lẹbẹ, nítorí ó jọ lẹbẹ ẹja. Kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ó ń la omi lọ síwájú bí ọ̀bẹ.

Ẹ fi ìka méjì tẹ kóró àgbálùmọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu yín jáde. Ìka kan ń tẹ̀ ẹ́ láti ọ̀tún, èkejì láti òsì, síbẹ̀ iwájú ni kóró náà ń fò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti omi ṣe ń tẹ ọkọ̀. Kò sí ọkọ̀ ìgbòkun tí ó lè dojú kọ afẹ́fẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó lè yà sí ọ̀tún díẹ̀, kí ó yà sí òsì díẹ̀, bí ẹni tí ń gun òkè ní kọ́lọkọ̀lọ, títí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ.

3. Kí ọkọ̀ má baà dojú dé

Afẹ́fẹ́ tí ó ń fa ìgbòkun náà ni ó ń fẹ́ dojú ọkọ̀ dé. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀. Èkíní ni kí wọ́n fi òjé tí ó wúwo sí ìsàlẹ̀ lẹbẹ. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀, òjé á fà á dìde. Èkejì ni kí ọkọ̀ ní ikùn méjì tàbí mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará erékùṣù òkun Pàsífíìkì ti ń ṣe é láti ayébáyé. Irú èyí kò gbé òjé, nítorí náà ó fúyẹ́, ó sì yára. Ṣùgbọ́n bí ó bá dojú dé lójú òkun, kì í dá dìde.

4. Ọkọ̀ ìrìn-àjò àti ọkọ̀ eré ìje

Ẹni tí ó ń bá ẹbí rẹ̀ rìnrìn àjò ń fẹ́ ibùsùn, omi mímu àti ọkọ̀ tí kì í mì jù. Ẹni tí ó ń sá eré ìje ń fẹ́ ọkọ̀ fífúyẹ́. Àwọn ọkọ̀ eré ìje tuntun kan tilẹ̀ ní ìyẹ́ lábẹ́ omi, tí ó ń gbé ikùn ọkọ̀ sókè kúrò nínú omi bí eré bá le. Nínú eré ìje Vendée Globe, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń tu ọkọ̀ yí ayé ká láìdúró. Ọjọ́ 109 ni Titouan Lamazou fi borí ní ọdún 1990. Ọjọ́ 64 àti wákàtí 19 ni Charlie Dalin lò ní ọdún 2025. Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ní Walvis Bay ní Namibia, ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ọkọ̀ Vestas Sailrocket 2 fi afẹ́fẹ́ nìkan sá eré kìlómítà 121 ní wákàtí kan, lórí ìwọ̀n mítà 500.

Ṣùgbọ́n eré nìkan kọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979, ìjì líle kọlu ọkọ̀ 303 tí ó wà nínú eré ìje Fastnet, láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Atukọ̀ 15 kú. Ìwádìí fi hàn pé àwọn ọkọ̀ kan dojú dé, wọn kò sì tètè dìde. Láti ìgbà náà ni àwọn olùṣètò ti túbọ̀ ń wo bóyá ọkọ̀ lè dìde fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á síbi eré.

5. Lórí ọ̀sà tiwa

Lẹbẹ ọkọ̀ Vendée Globe lè jìn tó mítà 4 ààbọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi lórí Nokoué, omi kì í ju nǹkan bí mítà kan ààbọ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹbẹ tí a kàn mọ́ abẹ́ ọkọ̀ yóò há. Èyí tí ó bá irú omi bẹ́ẹ̀ mu ni lẹbẹ tí a lè fà sókè bí ìgbà tí a fa ọ̀bẹ yọ nínú àkọ̀, tàbí pákó tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, bí àwọn ará Holland ti ń lò ó lórí omi tiwọn tí kò jìn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sáré fi ìgbòkun ńlá gba afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ lórí ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí ó kún fún ẹrù, ìyá àti ọmọ. Lẹbẹ tí kò ní òjé ń dènà yíyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kò dènà ìdojúdé. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò, kí ó lo ìgbòkun kékeré, níbi tí ẹsẹ̀ ti lè kan ilẹ̀, láìsí èrò nínú ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá le, kí ó tètè ká ìgbòkun.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín

1. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tí ó ta ìgbòkun ní afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́, tí kò sì ní lẹbẹ?
2. Iṣẹ́ wo ni lẹbẹ ń ṣe? Iṣẹ́ wo ni òjé ń ṣe?
3. Ní abúlé yín, èló ni ọlọ́kọ̀ ń ná sórí epo lọ́sẹ̀ kan? Ẹ kọ iye náà sílẹ̀.