Ọjọ́ Ọjà Kan Péré, Kí Ló Máa Ṣe É?

Ọ̀rọ̀ tòṣù yìí kan owó, ṣùgbọ́n ó kan ọmọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kéékèèké tó wà lábúlé wa, ohun tí àwọn olùkọ́ ń sọ ni pé ọmọ kì í wá déédéé. Àwa òbí a máa dáhùn pé: "Ọjọ́ ọjà nìkan ló ń bá mi rẹrù. Ọjọ́ kan péré, kí ló máa ṣe é?"

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí a ti ń ṣírò owó ẹgbẹ́. Ọjà ọrọọrún, ọjọ́ 4-4 ló ń pé lórí kàlẹ́ńdà. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4, ọjà á ná ní ẹ̀ẹ̀mẹ́je. Méjì á bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, márùn-ún á bọ́ sí ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ inú ọ̀sẹ̀ 4 ò sì ju 20 lọ. Nínú táàmù ọlọ́sẹ̀ 12, ọjọ́ 15 ti lọ. Nínú táàmù mẹ́ta, ọjọ́ 45, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 9 gbáko! Oníṣòwò wo ló máa pàdánù náírà 25 nínú 100, tí á ní kò ṣe nǹkan?

Ìṣirò dà bí ilé kíkọ́: orí tàná la ń mọ tòní lé. Nílé-ẹ̀kọ́ kékeré, olùkọ́ ìṣirò lè má ju ẹyọ kan lọ, kò sí ẹni tó máa tún un kọ́ fún ẹni tí kò wá. Bẹ́ẹ̀, ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì wà nínú kírẹ́dítì 5 tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ń béèrè.

A ò di gbogbo ẹ̀bi ru òbí o. Olùkọ́ ò tó, ọ̀nà jìn, oṣù September tí wọ́n ń wọlé, ọ̀pọ̀ wa ò tíì rí owó kòkó gbà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ wa ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ìsọ̀ yín súnmọ́ra, ẹ para pọ̀ gba alábàárù kan. Kí ọmọ jáde nílé-ẹ̀kọ́ tán kó tó wá báni palẹ̀ mọ́. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí bàbá tàbí ìyá lọ wo ìwé tí olùkọ́ fi ń pe orúkọ. Bó bá jẹ́ owó ìwé ló ń dá ọmọ dúró sílé, ẹ tètè tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ fún ẹ̀yáwó, ẹ má dúró de kòkó.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ire o.