Ariwo Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Nígbà Tí Ọkọ̀ Bá Ń Yà

Ọkọ̀ tí ó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lójú ọ̀nà gbọọrọ, àmọ́ tí ó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ tàbí gbà bí ó bá ti yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ni àbùkù máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ọkọ̀ bá ń yà, ìwúwo rẹ̀ a rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo ibi tí irin ti pàdé irin tàbí rọ́bà a sì gbé ẹrù tí kì í gbé nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tààrà. Ibi tí ó bá ti jẹ ni yóò ké. Ẹ̀yà tó lè dún báyìí pọ̀, owó wọn kò sì dọ́gba rárá. Ohùn náà gan-an ni ó yẹ kí onímọ́tò tẹ́tí sí dáadáa kí ó tó kó owó lọ sọ́jà páàtì.

Nọ́ọ̀tì táyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pàápàá bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú táyà náà lọ́dọ̀ fọkanáísà. Ìwọ̀n tí Toyota fi lélẹ̀ fún nọ́ọ̀tì táyà Corolla jẹ́ 103 Nm. Èyí tó bá dẹ̀ á máa dún, ó sì lè já. Kí wọ́n sì wo búùtù: jáàkì àti sípíà táyà tí wọn kò dè ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Bí dídún náà bá ń tẹ̀ lé ara wọn, tí ó ń yára bí táyà ṣe ń yára, tí ó sì ń le sí i bí wọ́n bá tẹná, ṣáàfù ni. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà ní ṣáàfù méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní oríkèé méjì: ti inú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, ti ìta lẹ́yìn táyà. Alfred Rzeppa, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ Ford, ni ó ṣe irú oríkèé ìta yìí ní 1926. Bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n ń yọ̀ nínú poro kí agbára ẹ́ńjìnnì lè dé ara táyà láìta kìì, bó ti wù kí táyà yà tó. Gírísì ni ẹ̀mí oríkèé yìí, rọ́bà kan ni ó sì bo gírísì náà mọ́ ibẹ̀. Bí rọ́bà bá ya, gírísì a fọ́n jáde, yanrìn àti ẹrẹ̀ a wọlé, poro a sì jẹ. Ẹni tó bá yí táyà iwájú dé òpin, tí ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀, yóò rí gírísì dúdú tí ó ta sí inú rímù.

Láti mọ ẹ̀gbẹ́ tó bàjẹ́, kí wọ́n wá pápá gbalasa, kí wọ́n yí sítíárìn dé òpin, kí ọkọ̀ sì máa yí po díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú iná díẹ̀. Bí ó bá dún nígbà tó ń yí sósì, ṣáàfù ọ̀tún ni lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí táyà tó wà níta ìyípo ni ẹrù wà lórí rẹ̀. Ti inú kì í sábà dún báyìí. Kí ọkọ̀ máa gbọ̀n bí wọ́n bá tẹná lójú ọ̀nà tààrà ni àmì tirẹ̀.

Bí rọ́bà bá ya tí kò tí ì dún, kí wọ́n fọ oríkèé náà, kí wọ́n fi gírísì àti rọ́bà tuntun sí i. Bí ó bá ti ń dún, gírísì kò lè dá irin tó ti jẹ padà. Wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní ọjà Ládìípọ̀ ní Mushin, kí ó mú ti àtijọ́ dání, kí ó ka eyín rẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá ó ní òrùka ABS, nítorí ṣáàfù tó jọra lójú lè máà wọlé.

Gbà kan ṣoṣo tí ó ń dún bí ọkọ̀ bá ń yà wọ inú ọgbà tàbí tí ó bá bọ́ sínú kòtò yàtọ̀ sí èyí. Bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, kí wọ́n má sì fi falẹ̀: bí ó bá yọ lójú ọ̀nà, táyà a ká sábẹ́ ọkọ̀, sítíárìn kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, kí wọ́n fi irin ìdúró tì í, nítorí jáàkì nìkan kò tó fún ẹni tó máa ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀. Kí wọ́n di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà mú, kí wọ́n mì ín. Bí ó bá ń ṣe gọgọ, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tàbí bíárìn ni. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀tún àti òsì táyà ni wọ́n dì mú tí ó mì, tairọ́ọ̀dù tàbí ráàkì ni. Búṣì apá ìsàlẹ̀ náà máa ń dún gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dúró lórí táyà rẹ̀ ni kí wọ́n tó fún bóòtì rẹ̀ pa. Èyí tí wọ́n fún nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń rọ̀ dirodiro kì í pẹ́ tí rọ́bà rẹ̀ fi ń ya.

Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, tí ó ń dún bí wọ́n ṣe ń yí sítíárìn, orí ṣọ́ọ̀kù ni kí wọ́n wò. Kí ẹnì kan máa yí sítíárìn, kí ẹlòmíràn gbé ọwọ́ lé sípíríǹgì láti òkè: bí ó bá ń ta lójijì dípò kó máa yí jẹ́jẹ́, máńtìn orí ṣọ́ọ̀kù ti bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú nọ́ọ̀tì àárín rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi irinṣẹ́ fún sípíríǹgì pọ̀, nítorí agbára tó wà nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn.

Línkéèjì a máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lórí ọ̀nà gbágungbàgun, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Síìtì ẹ́ńjìnnì náà a máa dún gbì, àmọ́ ó tún máa ń dún bí wọ́n bá ti jíà kúrò ní D sí R.

Lẹ́yìn iṣẹ́ lórí tairọ́ọ̀dù tàbí apá ìsàlẹ̀, kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ ṣe aláìnmẹ́ńtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà tuntun a jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí wọ́n wa ọkọ̀ náà padà sí ibi tó ti ń dún tẹ́lẹ̀, kí wọ́n yà á sọ́tùn-ún àti sósì, kí wọ́n sì tún nọ́ọ̀tì táyà fún lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.