Iṣẹ́ Mẹ́ta Tí Ọ̀gá Orin Ń Ṣe

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé iṣẹ́ ọ̀gá orin kò ju kí ó jókòó sí ìdí dùùrù ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ìjọ sì máa kọrin tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo iṣẹ́ náà dáadáa yóò rí i pé mẹ́ta ni: títo orin, dídarí àwọn akọrin, àti kíkọ́ni. A fẹ́ fi ìgbésí ayé ọkùnrin kan ṣe àlàyé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí yóò dúró níwájú àwọn ọmọ láti kọ́ wọn ní orin.

Ọkùnrin náà ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips, ẹni tí a bí ní 1884. Ní 1911 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ́ nípa orin ní Trinity College of Music títí di 1914. Nígbà tí ó padà dé, ó di aludùùrù àti ọ̀gá orin ní Christ Church, ní Marina ní Èkó, ilé ìsìn tí ó di Kàtídírà lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ títí di 1962, ọdún 48 gbáko. Ọmọ rẹ̀ ni ó sì gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kú ní 1969.

Ìṣòro kan ti wà nílẹ̀ kí ó tó gba iṣẹ́ yìí. Àwọn tí ó mú ìsìn wá sí ilẹ̀ wa túmọ̀ àwọn orin ìsìn sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn kò yí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì padà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ohùn bá gòkè tàbí bí ó bá sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta: ọwọ́, ọwọ̀, àti ọ̀wọ̀. Èkíní ń lọ bí re, mí. Èkejì bí re, dò. Ẹ̀kẹta bí dò, dò. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìlù dùndún fi lè sọ̀rọ̀ láìní ẹnu. Bí orin bá sọ pé kí a wá fi ọ̀wọ̀ fún Ọba, tí ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lókè kí ó tó wálẹ̀, ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ ni àlejò tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yóò gbọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò rọrùn. Bí a bá tilẹ̀ ṣe ohùn tí ó bá ẹsẹ kìíní mu, ẹsẹ kejì ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí "ọ̀wọ̀" bá bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kìíní, tí "ọwọ́" sì bẹ̀rẹ̀ èkejì, ohùn kan náà kò lè sin àwọn méjèèjì. Nítorí náà, olùtò orin ní láti wá ọ̀rọ̀ tí ohùn wọn jọra fún gbogbo ẹsẹ, tàbí kí ó ṣe ohùn titun fún ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ohùn mẹ́rin tún ń dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀. Òfin tí a ń kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn kí ohùn ìsàlẹ̀ máa sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ohùn òkè bá ń gòkè. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ohùn òkè yóò máa kọ "ọwọ́", ohùn ìsàlẹ̀ yóò sì máa kọ "ọwọ̀" ní ìṣẹ́jú kan náà.

Phillips mọ òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí dájú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó pa etí rẹ̀ mọ́ sí orin ilé. Ó fetí sí bí orin wa ṣe ń lo ohùn márùn-ún, àti bí ohùn orin ṣe ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni ó sì ṣe orin ìsìn ní èdè Yorùbá. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ronú bẹ́ẹ̀. Ẹni Ọ̀wọ̀ J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta náà ṣe orin ìsìn ní ohùn ilẹ̀ wa, a sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922.

Ṣùgbọ́n orin tí a kọ sínú ìwé kò tíì di orin. Iṣẹ́ olùdarí ni láti mú un jáde láti ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí wọ́n mí pọ̀, kí wọ́n dákẹ́ pọ̀, kí ọ̀rọ̀ sì hàn ketekete. Níbẹ̀ ni olùtò orin ti ń mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí, nítorí pé ohun tí ó dára lórí ìwé lè nira lẹ́nu ọmọdé.

Iṣẹ́ kíkọ́ni ni ó sì mú kí àwọn méjì ìyókù pẹ́ láyé. Fẹlá Ṣówándé kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Phillips nígbà èwe rẹ̀, ó sì kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ni ó ṣe African Suite ní 1944, tí ó sì kọ́ni ní àwọn Yunifásítì ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Fún àwọn tí kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Phillips kọ ìwé kan, Yoruba Music, tí a tẹ̀ jáde ní Johannesburg ní 1953, nínú èyí tí ó ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ àti orin wa ṣe so pọ̀.

Kí ni èyí kàn wá sí? Púpọ̀ nínú wa yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní dùùrù. Síbẹ̀, a ó ní ọmọ, a ó sì ní ẹnu. Kí a tó kọ́ wọn ní orin kan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí a ti ń sọ ọ́ nílé. Kí a fi dò, re, mí wọ̀n ọ́n. Kí a sì wò ó bí ohùn orin náà bá bá a lọ. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, ẹ jẹ́ kí a wá ọ̀rọ̀ mìíràn tàbí ohùn mìíràn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí a bá kọ́ láti máa pe ọ̀wọ̀ ní ọwọ̀ nínú orin yóò dàgbà pẹ̀lú èrò pé orin kò ní láti ní ìtumọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ti ọwọ́ wa wá.