Ẹran Iléyá: Ta Ni Yóò Kàn?

Bí oṣù Dhul-Hijjah bá ti lé, ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ní ẹ̀ka wa ni, "Ṣé wọ́n ti ra àgbò nílé yín?" Èyí tí n kì í sábà gbọ́ ni ti ẹni tí ẹran náà yóò kàn.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí ni Iléyá. À ń fi rántí Ànábì Ibrahim, ẹni tí Ọlọ́run fi ọmọ rẹ̀ dán wò, tí Ó sì fi ẹran rọ́pò ọmọ náà. Ìrun rákáà méjì ní yídì ló ṣáájú. Nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọ̀nà Imam Malik ti gbilẹ̀, lẹ́mọ́mù ló máa ń kọ́kọ́ dú àgbò tirẹ̀ kí àwọn yòókù tó dú tiwọn. Ẹran tí a bá pa ṣáájú ìrun, ẹran jíjẹ lásán ni. Ẹran ọdún kò gbọdọ̀ fọ́jú, kò gbọdọ̀ yarọ, kò sì gbọdọ̀ rù kan eegun. A kì í fi awọ tàbí ẹran rẹ̀ san owó iṣẹ́ alápatà. Owó ọ̀tọ̀ la ó fún un.

Ní ti pínpín, ọ̀pọ̀ àáfà ní kí a pín in sí mẹ́ta: ti ará ilé, ti ẹbí àti aládùúgbò, ti aláìní. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní fíríìsà mọ̀. Láyé Ànábì Muhammad, àwọn aláìní láti ìgbèríko ya wọ Mẹ̀dínà lásìkò Iléyá. Ànábì ní kí ẹnikẹ́ni má tọ́jú ẹran kọjá ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n fi ìyókù ṣe sàárà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ní wọ́n lè tọ́jú rẹ̀, pé nítorí àwọn aláìní yẹn ni òun ṣe sọ ti ìṣáájú. Ẹ ò rí i pé ebi aláìní ló pinnu iye ọjọ́ tí ẹran lè lò nílé ẹni tó ní.

Àgbò ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ òbí wa báyìí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn wọn. Súnnà ni, ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a ló wà fún. Gbèsè tí àwọn kan ń tọrùn bọ̀ nítorí ojú ayé, ẹ̀sìn kọ́ ló rán wọn. Ọwọ́ ẹni tó pa ẹran ló kù sí. A kì í dúró kí ọmọ aláìní wá tọrọ, abọ́ la máa ń gbé lọ bá a. Kírísítẹ́nì tó ń gbé ìrẹsì Kérésì wá fún wa náà ní ìpín tirẹ̀.

Orúkọ ọdún náà ń pe ènìyàn pé ilé yá, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kì í jẹ́ kí àwọn kan nínú wa kúrò ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tí ẹ bá ń ti ilé bọ̀, ẹ dín díẹ̀ gbẹ dáadáa, kí ẹ dì í bọ̀ fún wọn. Ẹran díndín kì í tètè bàjẹ́.