Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ nínú Ilé Ojúkojú: Ìbánisọ̀rọ̀ àti Àjọgbé ní Alímòṣọ́

Nínú gbogbo òwe tí Yorùbá ń pa nípa ọ̀rọ̀ sísọ, bóyá ni a rí èyí tí ó gbajúmọ̀ ju pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. A máa ń fi òwe yìí yangàn. A tilẹ̀ ń kọ́ni ní yàrá ẹ̀kọ́ bí ẹni pé òfin ni. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ni ibi tí ààbọ̀ kejì ti ń wá. Èrò mi ni pé kì í ṣe inú ọmọlúwàbí nìkan ni ó ti ń wá. Inú ilé tí òun àti ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀ jọ dàgbà sí ni. Níbi tí kò bá ti sí irú ilé bẹ́ẹ̀, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ a máa di ìjà. Alímòṣọ́ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àrokò, nítorí pé òun ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tí a lè fi ojú rí. Ní 1885, ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìran ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ àkọsílẹ̀ C. A. Gollmer jáde. Ọmọ Jámánì ni àlùfáà yìí, ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS ní Àgbádárìgì, Èkó àti Abẹ́òkúta. Ó ṣàlàyé pé bí a bá so owó ẹyọ 2 pọ̀ ní ojú kọ ojú, tí a fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó wà lájò, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ ìyá kan ni wá. Bí a bá so wọ́n ní ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn, ìyapa ni. Ní 1887, G. W. Bloxam gbé àrokò àwọn Ìjẹ̀bú jáde nínú ìwé kan náà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ẹlòmíràn a fi owó ẹyọ 6 ránṣẹ́, nítorí pé ẹ̀fà ni, ‘fà’ sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí bá gbà, a fi 8 dáhùn: ẹ̀jọ, èrò wa jọra.

Ẹ wò ó bí iṣẹ́ náà ti rí. Owó ẹyọ kò sọ ohunkóhun. Ìró èdè tí ó wà lẹ́nu àwọn méjèèjì ni ó sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìgbò tí ó bá gba owó ẹyọ 6 yìí yóò kà á ní ‘isii’, kò sì ní gbọ́ ‘fà’ kankan nínú rẹ̀. Ó lè rò pé gbèsè ni a san fún òun.

Ilẹ̀ Àwórì ni Alímòṣọ́, ṣùgbọ́n gbogbo Nàìjíríà ni ó ń gbé ibẹ̀ báyìí. Ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ti 2006 ní 1,277,714 ènìyàn ni ó wà níbẹ̀. Èyí tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kà fúnra rẹ̀ ní ọdún kan náà ní 2,047,026 ni. (Bí ìjọba méjì kò bá gbọ́ ara wọn yé lórí iye orí, kí ni a fẹ́ fi bá tọkọtaya wí?) Èyíkéyìí tí a bá gbà nínú méjèèjì, Alímòṣọ́ ni ènìyàn pọ̀ sí jù nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, ilé tí àwọn ará Èkó ń pè ní face-me-I-face-you ṣì pọ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, ilé ìwẹ̀ kan náà, ilé ìdáná kan náà. Ojú kọ ojú ni wọ́n wà bí owó ẹyọ Gollmer, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, Ègùn wà níbẹ̀, Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Àwórì onílé sì wà níbẹ̀.

Nínú irú ilé yìí ni òkò ọ̀rọ̀ ti ń fò. Omi tí ẹnìkan dà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ yàrá ẹlòmíràn. Ẹni tí omi wọ yàrá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ ni ó kọjú sí, ó sì pariwo: ‘Gbé bàtà yẹn kúrò ńlẹ̀, kí àwọn tó ni ilé má baà wọ́ ọ dà nù!’ Àṣà àtijọ́ ni. Àwọn orogún ti fi orin ṣe é nídìí ọlọ. Àwọn baba wa sọ ajá wọn ní orúkọ tí ó jẹ́ pé aládùúgbò ni a fi ń bá wí nígbàkígbà tí a bá pe ajá. Lónìí, orí ‘status’ WhatsApp ni a ń kọ ọ́ sí. Èmi kò rí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti orúkọ ajá, àfi pé ẹni mélòó kan ni ó ń gbọ́ orúkọ ajá, tí ó sì jẹ́ pé igba ènìyàn lè ka ti fóònù, kí olúkúlùkù sì rò pé òun ni a ń bá wí.

Kí ló dé tí òkò ọ̀rọ̀ kò fi tú agbo ilé àtijọ́ ká? Ìdí rẹ̀ ni pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ẹni méjì rárá. Ẹni kẹta wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro ti tọkọtaya kan ní Ìgàndò. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Ó ti wà ní ibùdókọ̀ ní agogo 5 ìdájí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò sì jẹ́ kí ó wọlé títí di agogo 9 alẹ́. Ìyàwó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ní, ‘Ẹ kú àbọ̀. Oúnjẹ ti tutù o.’ Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé àárò ọkọ ti sọ òun láti ọ̀sán. Ẹ̀sùn ni ọkọ gbọ́. Ó jẹun, kò fọhùn. Ìyàwó ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí ìkórìíra. Ní agbo ilé, ìyá ọkọ ì bá ti sọ láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ pé, ‘Ọmọ mi, ìyàwó rẹ kò tíì fẹnu kan nǹkan o, ìwọ ni ó ń retí.’ Ààbọ̀ kejì nìyẹn. N kò ní bu iyọ̀ sí i: ìyá ọkọ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ti ara rẹ̀ ni ó ń fi kún un, tí ó sì ti bẹ́ẹ̀ tú ilé ọmọ rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ní Ìgàndò, kò sí ìyá ọkọ nínú yàrá kan náà. Obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé, ‘Àárò yín sọ mí.’

Àwọn kan yóò ní àrífín ni kí ènìyàn sọ ohun inú rẹ̀ jáde ní odindi. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Yorùbá ní ọ̀nà tí a fi ń sọ odindi láì rí ẹnikẹ́ni fín, ìkíni sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn. ‘Ẹ kú òjò’, ‘ẹ kú ọjà’, ‘ẹ kú ìrọ́jú’: ẹni tí ó kí wa báyìí ti kọ́kọ́ fi hàn pé òun rí ipò tí a wà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ lè tẹ̀ lé e. Bí ẹni tí omi wọ yàrá rẹ̀ bá lọ kan ilẹ̀kùn, tí ó ní, ‘Ìyá Ṣadé, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, omi ìdọ̀tí àná wọ yàrá wa, ó rin ẹní àwọn ọmọ. Báwo ni ká ti ṣe é?’, kò fi ohunkóhun pamọ́, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sọ ohun tí ó bàjẹ́, ó sì fi ìbéèrè parí rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni ó ṣe pàtàkì jù lójú mi, nítorí pé ó fún ẹnìkejì láyè láti jẹ́ ọmọlúwàbí.

Ọ̀nà kejì ni ti gbígbọ́, a kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀. Àgbà tí ó bá mọ ìjà í parí kì í dáhùn kí ó tó tún ọ̀rọ̀ ẹni tí ó rojọ́ sọ: ‘Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ ni pé báyìí báyìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?’ Nígbà púpọ̀ ni olùrojọ́ a ní, ‘Rárá, ẹ ò tíì gbọ́ mi yé.’ Ọkọ tí ó gbọ́ ‘oúnjẹ ti tutù’ ì bá ti bi ìyàwó rẹ̀ léèrè pé, ‘Ṣé mo pẹ́ jù ni, àbí kí ni ó wà lọ́kàn rẹ?’

Kì í ṣe gbogbo aáwọ̀ ni àìgbọ́ra-ẹni-yé ń fà. Ayálégbé tí onílé fi owó kún owó ilé rẹ̀ gbọ́ ọ yé dáadáa. Owó ni kò sí. Níbi tí ọwọ́ líle bá sì ti wọ inú ilé, mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe ní kí obìnrin lọ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ sí i. Nítorí irú rẹ̀ ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ṣe òfin ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé ní 2007.

Fún ìyókù, ìpínlẹ̀ náà dá Citizens’ Mediation Centre sílẹ̀ ní 1999, níbi tí onílé àti ayálégbé, tọkọtaya àti aládùúgbò ti lè jókòó sọ̀rọ̀ níwájú onílàjà láìsan owó. Ní tèmi, ẹni kẹta agbo ilé ni a gbé wọ ọ́fíìsì yẹn. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ kì í dúró de ìpè kí ó tó dá sí ọ̀rọ̀. Níhìn-ín, ẹni tí inú ń bí ni yóò wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, tí yóò sì sọ ohun tí ó ń dùn ún, ní odindi, fún òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí.