Abídèmí: Èdè Tọkọtaya Tí Iṣẹ́ Ológun Pín Níyà

Bí ìjọba bá rán sójà Nàìjíríà lọ pẹ̀tù sí aáwọ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ìyàwó kì í bá a lọ. Kì í ṣe pé ìrìn àjò ṣàjèjì sí àwa ará agbègbè Èjìgbò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Àbíjàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń ránṣẹ́ pe ìyàwó bí wọ́n bá ti ríbi dúró sí. Ti sójà kò rí bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló ń lọ, fún oṣù 6 tàbí ọdún 1, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni tọkọtaya náà á sì fi máa gbé pọ̀. Iṣẹ́ tí èdè Yorùbá ń ṣe nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ ogun wa lọ sí Íńdíà, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà dé ojú ogun Bọ́mà. Ní 1960, àwọn sójà Nàìjíríà lọ sí Kóńgò lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní 1990, ECOMOG wọ Làìbéríà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún rán ọmọ ogun lọ síbẹ̀ ní 2003, wọn kò sì kúrò títí di 2018. Ibẹ̀ ni àbúrò bàbá mi wà ní 2014. Ìyàwó rẹ̀, tí àwa ọmọdé ń pè ní Àǹtí, wà lọ́dọ̀ wa ní Ìsundunrin pẹ̀lú oyún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdágbére. "Ó di àbọ̀" ni "ó dàbọ̀". A pa fáwẹ̀lì "di" jẹ ni. Ẹni tó ń lọ kò tíì gbẹ́sẹ̀, a ti dárúkọ àbọ̀ rẹ̀.

Bó bá lọ tán, ó ku ẹni tó ń retí. Àwọn àgbà inú agboolé a máa kí Àǹtí pé, "Ìyàwó, o kú ojú lọ́nà o." Ẹ wo bí gbólóhùn yìí ṣe jọ "o kú iṣẹ́". Ohun tí ènìyàn ń ṣe tàbí tó ń là kọjá lọ́wọ́ ló sábà máa ń tẹ̀lé "kú". Ẹni tó bá kí ènìyàn kú ojú lọ́nà ti gbà pé ìrètí náà fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́, bí ẹni tó ń ṣe é tilẹ̀ jókòó sójú kan.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ fóònù. Ọdún 2014 yẹn ni Ẹ̀bólà ń jà ní Làìbéríà, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 4,800 níbẹ̀ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Keje, ó dé Èkó. Iwájú ilé nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró dáadáa, ibẹ̀ náà sì ni Ìyá àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, máa ń jókòó sí. Torí náà, "ẹ" ni Àǹtí fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. N kò gbọ́ kó dárúkọ àìsàn náà rí. Ohun tó máa ń bi í ni pé, "Ṣé ẹ ń fọwọ́ yín dáadáa?" Ọkọ á ní, "À ń fọ̀ ọ́." A mọ̀ pé àwọn àgbà kì í pe ejò ní ejò lóru, okùn ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà kan náà ni Àǹtí tọ̀. Ìbéèrè ọwọ́ fífọ̀ ni gbogbo ẹ̀rù rẹ̀ wà.

Àǹtí bímọ ní oṣù Kẹwàá, oṣù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ẹ̀bólà ti kúrò ní Nàìjíríà. Orí fóònù ni bàbá ọmọ ti sọ ọ́ ní Abídèmí. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" ni a fi ṣẹ̀dá orúkọ yìí, bíi ti Abíọ́dún àti Abíọ́nà. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, "bí" àti "dè", ló tẹ̀ lé e, kó tó wá kan "mí", tó gba ohùn òkè torí pé ohùn ìsàlẹ̀ ni "dè" ní. Ta ni "mí" yìí? Kì í ṣe ìyá, nítorí òun ló bímọ. Bàbá tí kò sí nílé ni. Bí Àǹtí bá pe ọmọ náà nígbà mẹ́wàá lóòjọ́, ìgbà mẹ́wàá ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀. Nínú orúkọ tó kù, irú bíi Tòkunbọ̀, a ń sọ nípa ẹni tó rìnrìn àjò. Nínú Abídèmí, arìnrìn-àjò gan-an ló ń sọ̀rọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, ọkọ dé sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò wá sílé tààrà. Ẹ̀bólà lè fara pamọ́ sára ènìyàn fún ọjọ́ 21, nítorí náà ó yàgò fún gbogbo wa títí ọjọ́ náà fi pé. Lọ́jọ́ tó wọlé, Ìyá àgbà kò kọ́kọ́ kí i kú àbọ̀. Ó wo òun àti Àǹtí tó gbọ́mọ dání, ó ní, "Ẹ kú ewu o." Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ikú ni a ń kí bẹ́ẹ̀, ìkíni abiyamọ tuntun náà sì ni: ẹ kú ewu ọmọ. Ọkọ gba mẹ́dàlì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti Làìbéríà. Kò sí mẹ́dàlì fún ìyàwó, ṣùgbọ́n ìkíni kan náà ni àwọn méjèèjì gbà lẹ́nu Ìyá àgbà, nítorí ewu ni òun náà là kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé jáde, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní bárékè, tí ẹ bá mọ Abídèmí kan, ẹ bi í léèrè ibi tí bàbá rẹ̀ wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.